Kásẹ́ẹ̀tì Tó Ṣẹ́ Tíṣà Lánípẹ̀kun Lápá

Mi ò fẹ́ràn Tíṣà Lánípẹ̀kun, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn ẹ̀ lọ́dún 1995, irọ́ ló ń pa. Ọmọ Mákún ni, ní Ṣàgámù, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ìdajì àwọn àgbà ìlú yẹn ló sì ti jẹ pàṣán ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Wọ́n ní ó lu ọmọ kan títí ọmọ náà fi tọ̀ sára, ó ní kó fi ṣòkòtò ẹ̀ nu ilẹ̀, ó wá tún lù ú nítorí pé ilẹ̀ ò mọ́ tó. Òun ni wọ́n wá fi ṣe olùkọ́ wa.

Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Ilé-ẹ̀kọ́ kan á fi ìwé ránṣẹ́ láti Èkó, a ó kà á nílé, a ó kọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, Tíṣà á máàkì ẹ̀, a ó sì pàdé rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé nínú kíláàsì kan ní Mákún. Olùkọ́ praimárì ni gbogbo wa, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹni tí kò bá ní NCE máa tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi Bánkẹ́, Ìsarà ni mo ti ń wá. Ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn mi, bàbá wọn ti bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bírò pupa ni Tíṣà fi ń na àgbàlagbà. "Orí òfìfo," ló kọ sórí iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń ka èyí tó burú jù sétí gbogbo wa, á wá béèrè ìbéèrè, kíláàsì á dákẹ́ wẹ́lo. Ọjọ́ tí Adétúnbọ̀, ẹni ogójì ọdún, gbìyànjú láti dáhùn, tó sì ṣì í, rúlà onígi ni Tíṣà sọ mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọnú ojú ẹ̀. Méjìlélógún ni a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò fi dé, a ti ku mẹ́sàn-án.

Kareemat ló yí i padà. Ìbídò ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ìyàwó Mọ́ṣúdù oníṣòwò obì ni, ọmọ wọn ń jẹ́ Lìádì. Ọkọ ẹ̀ ti sọ fún un pé ọjọ́ tí ìwé kíkà yẹn bá da ilé òun rú, kó gbàgbé ìwé, kó sì gbàgbé ilé. Kareemat fẹ́ ìwé ẹ̀rí yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Tíṣà kọ "Ìranù" sórí iṣẹ́ ẹ̀, Kareemat bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibo gan-an ló ti di ìranù? Ẹ fi hàn mí kí n lè tún un ṣe."

Tíṣà gbé rúlà sókè. Kareemat ò yẹ̀.

"Bí ẹ bá lù mí tán, sà, mi ò ní tíì mọ̀ ọ́n."

Ọkùnrin yìí wò ó títí, ó gbé rúlà sílẹ̀, ó jókòó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, odindi ojú ewé kan ni bírò pupa kún lẹ́yìn iṣẹ́ Kareemat: ibí yìí dáa, ibí yìí ò yé mi, ọmọ tó ń kólòlò ńkọ́, kí lo máa ṣe fún un? Gbogbo wa kó orí jọ, à ń kà á. Nígbà tó yá, tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé bẹ́ẹ̀, mo sì ń kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ellen, ọ̀kan nínú wa, ló fa ti kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ìjọ Adventist ni, Ìlíṣàn ló ń gbé, kì í sì jáde lọ síbi kankan ní Sátidé àfi ṣọ́ọ̀ṣì. Kareemat ní kí Tíṣà sọ ìbéèrè sínú kásẹ́ẹ̀tì, kó máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì, kí kálukú sọ tiẹ̀, kó sì fèsì fún ẹni tó ṣáájú ẹ̀. Tí ó bá padà dé ọwọ́ Tíṣà, á dárúkọ wa níkọ̀ọ̀kan, á dá wa lóhùn. Ah, ó dùn. Mo máa ń fọ abọ́, mo máa ń bá kásẹ́ẹ̀tì jiyàn, àwọn ọmọ mi á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, rédíò Adétúnbọ̀ jẹ kásẹ́ẹ̀tì wa. Mọ́ṣúdù ti kó obì lọ sí Kánò, Kareemat bá mú ọ̀kan wá láti ilé. Ohùn bàbá ọkọ ẹ̀, Àlàájì Abdullateef, ló wà lójú kìíní ẹ̀. Orí ibùsùn ni bàbá ti bá àwọn ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, tó ń ṣàdúrà fún wọn, kó tó kú. Ojú kejì ṣófo, Kareemat sì rò pé òun á ti dá a padà kí ọkọ òun tó dé. Ó lẹ bébà mọ́ ọn: "Ẹ má fọwọ́ kan ojú kìíní."

Mo rí bébà yẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ìbéèrè Tíṣà ni bóyá ó yẹ ká máa na ọmọ nílé-ìwé, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ nínú mi, ojú kejì wá tán mọ́ mi lẹ́nu. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn wàásù tí wọ́n ń tà káàkiri ni. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n tó wà lójú kan ẹ̀.

Kareemat ti dá kásẹ́ẹ̀tì padà sáyè ẹ̀, láì mọ ohun tí mo ṣe, kí Mọ́ṣúdù tó dé. Àdúrà fìdáù ọdún kan bàbá ẹ̀ pé, ó kó àwọn ẹbí jọ kí wọ́n gbọ́ ohùn bàbá. Ohùn obìnrin ló jáde: "Èmi ò fara mọ́ pàṣán, sà." Wáyà rédíò yẹn ni Mọ́ṣúdù fi na Kareemat lójú gbogbo ẹbí. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín méjì lẹ́nu ẹ̀, ó da ẹrù ẹ̀ sínú gọ́tà.

Ní Sátidé, Kareemat wá sí kíláàsì pẹ̀lú ẹnu wíwú. A ò tíì jókòó dáadáa tí Mọ́ṣúdù fi wọlé, òun àti àbúrò ẹ̀ méjì, ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Obìnrin wo ló sọ̀rọ̀ lé bàbá mi lórí?"

Kareemat wò mí. Ó mọ ohùn mi. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò jẹ́wọ́.

Tíṣà dìde. "Èmi ni mo ní kí wọ́n yí kásẹ́ẹ̀tì náà. Bí ẹ bá fẹ́ lu ẹnì kan, èmi rèé."

Irọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Irin yẹn bà á lápá ọ̀tún, a sì gbọ́ bí egungun ṣe kán. Ó ṣubú, wọ́n ń ta á nípàá, wọ́n tẹ awò ojú ẹ̀ fọ́, ẹ̀jẹ̀ ta sórí iṣẹ́ wa tó wà lórí tábìlì. Adétúnbọ̀, tó ti jẹ rúlà Tíṣà rí, ló gbé àga la Mọ́ṣúdù lẹ́yìn, kí àwọn ará ọjà tó ya wọlé. Èmi jókòó sórí àga mi títí ìjà fi parí.

Kareemat wà nílé bàbá ẹ̀, kò kàwé mọ́. Mọ́ṣúdù ní àfi kí òun rí ẹnu tó sọ̀rọ̀ náà kó tó lè tún wọlé òun. Tíṣà wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ mi padà wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ọmọ kíláàsì kìíní: "Àlàyé rẹ nípa pàṣán dára, o yí mi lérò padà. Ìbéèrè kan ló kù. Ta ni yóò lọ sọ fún Mọ́ṣúdù?"

Mo bínú sí i débi pé mo fẹ́ ya ìwé yẹn. Mo sunkún. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣàgámù, ó di ìsọ̀ obì Mọ́ṣúdù.

"Bàbá Lìádì, èmi ni. Ohùn tèmi ni."

Ìgbájú tó gbá mi, títí dòní etí mi òsì ò gbọ́ràn dáadáa. Mo ṣubú lu apẹ̀rẹ̀ obì. Mo dìde, mo tún dúró síwájú ẹ̀.

"Bí ẹ bá lù mí tán, mi ò ní tíì lọ. Ṣé ẹ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn dé ìparí?"

Kò gbọ́ ọ dé ìparí. Inú ti bí i jù lọ́jọ́ náà. Ó gbé rédíò jáde. A jọ jókòó, a ń gbọ́ èmi, tí mò ń jiyàn, tí mò ń rojọ́ ṣáá, ojú sì ń tì mí. Ohùn mi já. Bàbá kan wúkọ́ nínú rédíò, ó ní, "Mọ́ṣúdù, bu omi fún mi." Ife dún. Ó tán.

Mọ́ṣúdù dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, ó tún gbọ́ ọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, "Èmi ni mo bu omi náà fún un." Ó wá ń sunkún, ó sì dàgbà ju mí lọ.

Kò bẹ̀ mí, mi ò sì retí ẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n lọ sọ fún Kareemat pé kó máa bọ̀ nílé. Mo ní òun fúnra ẹ̀ ni kó lọ sọ fún un.

Ó lọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Kareemat gbọ́ ọ tán, ó ní òun máa kọ́kọ́ parí ìwé òun ná. Ó sì parí ẹ̀, kí èmi tó parí tèmi.