Ẹlẹ́dẹ̀ Inú Ìwé Màlúù

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́. Òórùn ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìwé tí ọmọ yín yá yìí ló rán mi létí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, lọ́sàn-án Sátidé kan, ní láìbúrẹ́rì kan ní Peckham, nílùú òyìnbó. Mùsùlùmí òdodo ni Dádì. Wọ́n ti sọ pé ọjọ́ tí àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ bá wọlé wa, a ò ní lọ yá ìwé mọ́. Mo ti fẹ́ràn màlúù ìwé kan tán kí n tó rí ẹlẹ́dẹ̀ láàárín rẹ̀.

"Gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò," Mọ́mì wí.

"Màlúù nìkan ló wà níbẹ̀, Mọ́mì, promise."

"Kí ni màlúù náà ṣe tí o fi ń gbọ̀n?"

Wọ́n fi ìka kan ahọ́n, wọ́n ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Aṣọ òjò mi lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n kan ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ṣí ewé méjì pọ̀, wọ́n pa ìwé dé.

"Ó dáa. Yàrá rẹ ni kó máa wà o."

Ẹ̀yin gan-an ni mo ń yá ìwé fún kó tó yé mi pé Mọ́mì ti rí ẹlẹ́dẹ̀ náà.

Àbúrò mi ló jogún káàdì láìbúrẹ́rì wa. Èmi jogún àyà jíjá. Títí dòní, bí ọmọ bá na ìwé sí mi, ẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ bà mí.