Ẹnì Kan Nínú Mẹ́fà

Ta ló yọ ọ̀rá orí àga ọ̀kadà mi? Ohun tí mo fi kí gbogbo ilé láàárọ̀ òní nìyẹn. Mo ti jókòó tán kí n tó mọ̀ pé ìrì ti mu àga náà yó, ìdí ṣòkòtò mi sì tutù rinrin. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé èrò àkọ́kọ́ gba ọ̀nà oko Ìlerò, tí ìyẹn ń bi mí látẹ̀yìn pé ṣé kí òun bá mi wá ìtẹ́dìí ọmọ ni.

Ràbí ọmọ mi ló yọ ọ́. Ó fi di ìwé ìbéèrè àtijọ́ tó fi ń múra ìdánwò ìjáde girama. Mo padà wálé wá bínú, kò jẹ́ kí n bínú débi kan tó fi na ìwé náà sí mi. "Bàbá, ẹ bá mi wo eléyìí. Èèyàn mẹ́fà ń ro oko kan fún ọjọ́ mẹ́wàá kó tó parí. Tí ẹnì kan bá yọwọ́ níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mélòó làwọn tó kù máa fi ro ó?"

Mo ní, "Méjìlá."

Ó wo ìdáhùn lẹ́yìn ìwé, ó wo ojú mi, ó tún wo ẹ̀yìn ìwé. Mi ò sọ fún un pé ìṣírò kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé nìyẹn, àti pé ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe é.

Òórùn erùpẹ̀ tútù tí ọkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ló gba imú mi níbi tí mo dúró sí. Bí àárọ̀ ṣe ń rùn nìyẹn ní oko bàbá mi lẹ́yìn Òtù, tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú. Àáró ni wọ́n fi ń kọ ebè iṣu. Àwa mẹ́fà la wà nínú tiwa: bàbá mi, èmi, àti ọkùnrin mẹ́rin ládùúgbò wa. Gbogbo wa á lọ sóko ẹnì kan lónìí, a lọ sí ti ẹlòmíì lọ́la, títí á fi kárí, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ní ọjọ́ tèmi bí àgbà. Oko bàbá mi la sì ń lò ó fún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mò ń kọ ọgọ́rùn-ún ebè lóòjọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe nígbà náà, òun nìkan ni ẹnikẹ́ni ò fi bíró pupa fa ìlà lé lórí.

Nítorí ìdánwò ìjáde girama ti fa tiẹ̀. Mo yege nínú ìyókù, mo ṣubú nínú ìṣírò, kò sì sílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó máa gba èèyàn láìsí ìṣírò. Àǹfààní kan ló kù, ìdánwò ti ìparí ọdún. Ọkùnrin kan tí à ń pè ní Tíṣà Láyí ń kọ́ àwọn èèyàn ní lẹ́sìnì láràárọ̀ látinú oṣù kẹjọ, àsìkò ebè gan-an.

Bàbá mi, tí kò lè ka orúkọ ara ẹ̀, ló ní kí n máa lọ. Mo ní ebè wá ńkọ́? Ó ní, "Máa lọ. Ilẹ̀ ò ní í sá." Èmi náà ṣírò ẹ̀ lọ́kàn mi: ẹnì kan nínú mẹ́fà, kí ló máa bàjẹ́? Mo kó ìwé mi, mo lọ.

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé Tíṣà la ti ń jókòó. Tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lásán, mà á gbìyànjú. Èyí tí wọ́n bá fi ìtàn bò ló ń pa mí. Ìtàn yẹn ni mà á máa gbọ́. Ọjọ́ tí a dé orí èèyàn mẹ́fà tó ń ro oko, gbogbo wọn ti ń kọ x, èmi nawọ́ sókè.

"Tíṣà, kí ló dé tí ẹni yẹn fi yọwọ́? Ṣé ara ẹ̀ ò yá ni?"

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín wó igi máńgòrò. Tíṣà ní, "Mùfútáù, ọjọ́ là ń wá níbí, a ò wá èèyàn. Jókòó." Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ara-Ò-Yá.

Ní ìparí oṣù kẹwàá, òjò dá. Mo tẹ̀ lé bàbá mi dé oko. Apá kan ló ní ebè. Apá kejì ti le bíi sìmẹ́ńtì, koríko ń gbẹ lórí ẹ̀, èbù tó yẹ ká gbìn síbẹ̀ sì wà nílẹ̀ nínú abà. Mo ní ṣé àwọn èèyàn wa ò wá ni. Ó ní, "Wọ́n wá ní ọjọ́ mi." Ilẹ̀ ò sá lóòótọ́. Òjò ló sá.

Ọjọ́ ìdánwò, àfi bíi pé wọ́n dájú sọ mí: èèyàn mẹ́fà, oko kan, ẹnì kan yọwọ́. Ó yẹ kí n kọ méjìlá kí n máa lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fa ìwé tí wọ́n ní ká fi dán ìṣírò wò sọ́dọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò oko bàbá mi. Ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́, ọgọ́rùn-ún ebè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Tí a bá pé mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́wàá ló máa jẹ́ ti oko wa, márùn-ún ti bàbá mi, márùn-ún tèmi: ẹgbàáta ebè. Tí wọ́n bá ku márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà péré ló máa kàn wá, èèyàn márùn-ún lóòjọ́: ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Ìdajì géérégé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá mo ṣì í, torí mo sábà máa ń ṣì í. Lọ́jọ́ yẹn mi ò ṣì í.

Ìwé ní ẹni tó yọwọ́ ò fi ju ọjọ́ méjì kún iṣẹ́. Èmi tí mo yọwọ́, ìdajì oko ni mo gbé lọ. Mi ò sì nílò x kankan láti mọ̀ ọ́n. Àwa méjì là ń ṣojú ilé wa nínú àáró yẹn. Ojú ìwé méjì gbáko ni mo fi ṣírò pé tí a bá yọ ọ̀kan nínú méjì, ọ̀kan ló kù. Ìgbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti ń gba ìwé.

Mo tún ṣubú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, iṣu wa tán láìtọ́jọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi gbé àpò kan wọlé, ewé tútù yọ lẹ́nu ẹ̀ bíi pé oko ló ti ń bọ̀. Èmi ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iṣu ló wà lábẹ́ ewé, iṣu ọjà. Àgbẹ̀ lọ ra iṣu! Kò wo ojú mi, èmi náà ò wo tiẹ̀. Mo jẹ nínú ẹ̀. Ó dùn, èyí tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ tó jókòó lábẹ́ máńgòrò rò pé bí òun bá ti rí x, òun bọ́ lọ́nà oko nìyẹn. Èmi rèé, ọ̀nà oko náà ni mò ń gbé àwọn ẹlòmíì lọ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìdí tútù. Wọ́n ní ìrírí máa ń kọ́ èèyàn. Kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ọmọ yẹn tiẹ̀ sàn jù mí lọ, ó ṣì ń dúró de èsì.

Lọ́sàn-án òní mo yà sọ́dọ̀ bàbá mi. Ojú ẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ ṣì pé. Mo ní Ràbí náà ti dé ìdí èèyàn mẹ́fà. Lẹ́yìn náà mo tú u sílẹ̀, èyí tí mi ò sọ láti gbogbo ọdún yìí wá: ẹgbàáta, ẹgbẹ̀ẹ́dógún, ìdajì. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ó máa pọ̀ tó yẹn."

Ó ń jẹ obì. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò bínú rárá.

"Múfú, mo ti ṣírò ẹ̀ kí n tó ní kí o máa lọ. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo rò pé wà á yege."