Ẹ̀yà Àtijọ́ Kò Ní Rí Ìrànlọ́wọ́ Mọ́

Èmi ni mo kọ gbólóhùn tó dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọbìnrin mi ló ṣe áàpù tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa fi ń mọ ọjọ́ tí katakata yóò dé oko oníkálukú, láti Ilora dé Fiditi. Ó fẹ́ kí áàpù náà ṣíwọ́ iṣẹ́ lórí àwọn fóònù tí ètò inú wọn ti gbó. Ó ní àtúnṣe kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì lòun ń ṣe é: ẹ̀ẹ̀kan fún fóònù tuntun, ẹ̀ẹ̀kan fún ti àtijọ́. Nítorí pé mo ti ṣe tíṣà rí, ó ní kí n bá òun fi Yorùbá tó dáa kọ ìkìlọ̀ náà. Mo kọ ọ́ pé: "Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yà àtijọ́ kò ní rí ìrànlọ́wọ́ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, àgbà mẹ́ta dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, oníṣu kan láti Iware, na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Tíṣà, ta ni ẹ ń pè ní ẹ̀yà àtijọ́?"

"Fóònù ni, Bàbá."

"Níbo lẹ kọ fóònù sí níbẹ̀?"

Mo wò ó. N kò kọ ọ́.

"Ọmọ yín ṣì ń mu ọmú nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. A ti wá di ẹ̀yà?"

Ẹnì kejì ní kó má bínú, bóyá àwọn tí kò léyín lẹ́nu mọ́ nìkan ni wọ́n ń bá wí.

Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi lọ, mo sì pe ọmọ mi. Mo ní kó sún ọ̀rọ̀ náà síwájú di ọdún mìíràn, nítorí àwọn bàbá yìí.

"Bàámi, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Fóònù àwọn bàbá yẹn kò ní ìṣòro kankan. Ẹyọ kan péré ló kù tó jẹ́ ti àtijọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i."

Fóònù ìyá rẹ̀ ni. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kó tó kú léṣìí. Òun ló ń fi ohùn sọ ọjọ́ katakata nínú áàpù náà fún àwọn tí kò mọ̀wé kà: "Ẹ̀yin ará Jobele, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣa òkúta oko yín. Katakata kì í jẹ òkúta."

"Mo kàn ń wò ó bóyá bátìrì rẹ̀ ṣì dáa ni," mo ní.

"Láti èṣí, Bàámi?"

"Bátìrì ṣòroó mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ní òun lè kó gbogbo ohùn náà sínú fóònù tèmi, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí áàpù náà lórí fóònù ìyá rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń kọ ni: "Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé." Kò sẹ́lòmíràn tó ń kí i ní àárọ̀ mọ́.

Mo sọ fún un.

"Oṣù mélòó lẹ fẹ́ kí n fi kún un, Bàámi?"

"Títí di ìgbà iṣu tuntun."

"N kò ní sún un mọ́ lẹ́yìn ìyẹn o."

Mo ní mo gbọ́. Òjò pẹ́ kó tó rọ̀ ní Ilora lọ́dún yìí, mi ò sì sọ fún un pé iṣu náà yóò pẹ́.