Ojú Òsì Túnmiṣe

Bí o bá bú Agnes Adébùsóyè, alágbàfọ̀ ní Arákálé, ní Àkúrẹ́, yóò lọ aṣọ rẹ. Bí o bá yìn ín, yóò lọ aṣọ rẹ. Kì í bá èèyàn jà. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya èmi oníbàárà rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé ó fẹ́ fi òfin mú bàbá ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà ni Olúwatúnmiṣe, ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ojú òsì rẹ̀ ń ṣọ̀lẹ, kì í ríran tó ti ọ̀tún. Dókítà ní kí wọ́n máa bo ojú ọ̀tún tó dáa fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ti òsì lè kọ́ iṣẹ́. Bí wọ́n bá fi falẹ̀ títí ọmọ fi dàgbà, ojú náà lè má ríran dáadáa mọ́ láéláé. Agnes ń bò ó. Ṣùgbọ́n òun àti Reuben, bàbá ọmọ, ti kọ ara wọn sílẹ̀, Oǹdó sì ni Túnmiṣe ti ń lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Bó bá ti débẹ̀, Reuben á ṣí i.

"Ìyá Túnmi, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní bàbá olójú kan ni?" ó pariwo lórí fóònù. "Ojú tó dáa lo tún wá ń bò! Ta ló ń ti ilẹ̀kùn tó ń ṣiṣẹ́ pa nítorí èyí tó bàjẹ́?"

Agnes gba ọ̀dọ̀ Gbémiga lọ, lọ́yà kan tó máa ń fọ aṣọ fún. Gbémiga ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọ kò gbà kí òbí kankan fi ìtọ́jú du ọmọ. Kóòtù ẹbí lè pàṣẹ fún Reuben pé kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ dókítà. Bó bá kọ̀, adájọ́ lè dín lílọ ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kù. Kí Agnes ṣáà tọ́jú ìwé dókítà.

Agnes mirí. "Bùrọ̀dá lọ́yà, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọmọ yìí fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ṣé kò sí èyí tó kéré sí kóòtù?"

"Wẹ́fíà wà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń parí ìjà ẹbí. Wọ́n á pè é, ẹ ó jọ sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ àdéhùn. Bó bá yẹ àdéhùn, kóòtù ò kúrò níbi tó wà."

Èmi ò gbà á gbọ́. Mo ti rí ìwé àdéhùn tó jẹ́ pé ẹ̀pà ni wọ́n fi wé kẹ́yìn. Agnes ní kí n wá wò ó fúnra mi.

Lọ́jọ́ tí wẹ́fíà pè wọ́n sí ọ́fíìsì, Reuben àti Silas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ agbádá funfun wá láti Oǹdó, bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, jẹ́ kí Reuben rojọ́ tán.

"Bàbá Túnmi, ṣé ẹ ti dúró wo ọmọ yìí rí nígbà tí ojú ọ̀tún rẹ̀ wà ní bíbò?"

"Rárá o. Nínú páàkì ni mo ti máa ń ṣí i, kí ẹnikẹ́ni tó rí wa."

"Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ o." Ó ní kí Agnes bo ojú ọ̀tún ọmọ níta, kó sì mú un wá sẹ́nu ọ̀nà. "Túnmi, dádì dà?"

Túnmiṣe na ọrùn, ó fún ojú pọ̀, ó sì nawọ́ sí Silas.

"Dádì ńlá ni mí o!" ni Silas wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Reuben ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Túnmi, o ò rí mi ni?"

"Ẹ ò sọ̀rọ̀ ni, Dádì. Tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀, mo máa ń mọ̀ yín."

Reuben fọwọ́ sí àdéhùn. Silas náà fọwọ́ sí i, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Síbẹ̀, iyèméjì ò kúrò nínú mi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo yọ lọ sí Oǹdó ní Sátidé, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró sí òdìkejì títì, mi ò sọ̀rọ̀. Túnmiṣe jókòó síwájú ilé, àjákù aṣọ àǹkárá tí ìyá rẹ̀ rán bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò fi ewé bo ojú tiwọn, Reuben sì ń lé wọn: "Ẹ̀yin tí ojú yín dá ṣáká, ẹ lọ sílé yín!"

"Bàbá olójú kan!" ni ẹnìkan kí i láti orí ọ̀kadà.

"Èmi rè é o!" ló dáhùn.

Túnmiṣe gbójú sókè, ó wo ọ̀ọ́kán mi, ó fún ojú pọ̀ díẹ̀.

"Dádì, bùrọ̀dá tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì ló dúró lọ́hùn-ún yẹn," ó ní. "Wọn ò lọ aṣọ wọn."