Ìlà Ìṣó Lára Ẹ́ńjìnnì

Láti ọjọ́ Ajé ni inú ti ń bí Àǹtí Sípánà. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ìbínú náà ti kúrò lẹ́nu, ó ti dé ọwọ́. Ó já bóòtù méjì lórí láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì ju sípánà ńlá kan lu ògiri. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ nìyẹn, nítorí obìnrin yìí kì í fi irinṣẹ́ ṣeré. Ó ní pátákó kan lára ògiri tó fi ọ̀dà ya àwòrán sípánà kọ̀ọ̀kan sí. Tí ọ̀kan bá fi lè ṣaláìsí láyè rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa lọ sílé.

Ohun tó ń bí i nínú kò ju àpótí dúdú kékeré kan lọ, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì. Àpótí tó ń fún pulọ́ọ̀gì, ìyẹn ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, níná ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún alùpùpù onítáyà mẹ́rin tí wọ́n fi ń sáré ìje, òun àti páànù roboto tirẹ̀ tí wọ́n á dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fúùfù ní pápá ìje, fẹ́ kí wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò kí wọ́n fi tuntun yìí sí i ṣáájú ìje Sátidé. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù ló gbé e wá. Bàtà Funfun ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bàtà funfun báláú ló ń wọ̀ wọ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, bíi pé ó fẹ́ fojú di ọ́ìlì. Ó ti ní kí wọ́n kàn lò ó wò ná, tí kò bá ṣiṣẹ́ kí wọ́n dá a padà. Ọ̀rọ̀ owó kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹnu Àǹtí Sípánà nìkan ni wọ́n ń wò, nítorí òun ló ni ilé iṣẹ́ náà, kò sì sí nọ́ọ̀tì kan tó ń wọ ara alùpùpù yẹn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ní rárá, wáyà rẹ̀ kúrú. Wọ́n lọ mú wáyà tó gùn wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ooru ẹ́ńjìnnì máa jó o. Bàtà Funfun ka èèyàn mẹ́rin tó ti ń lò ó láti ọdún méjì sẹ́yìn tí ooru kò jó tiwọn. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ní òun kò fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, mẹkáníìkì tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì láti ọdún mọ́kànlélógún ló ń torí àwọ̀ kọ àpótí iná. Òun náà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe rí lẹ́nu òun, ìyẹn ló tún wá dá kún ìbínú rẹ̀.

Òótọ́ tí kò sọ fẹ́nì kankan rèé. Bàbá wọn, tó fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn, ní ọ̀nà kan tó ń gbà ṣiṣẹ́. Lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, páànù roboto kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí pulọ́ọ̀gì máa ṣá iná. Èèyàn lè yí i síwájú tàbí sẹ́yìn. Tí bàbá yẹn bá ti tò ó tán, tó ti wà níbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́, á mú ìṣó, á fa ìlà kan ṣoṣo láti ara páànù dé ara ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá yí páànù náà lẹ́yìn ìyẹn, ì báà ṣe díẹ̀ bíńtín, ìlà náà á pín sí méjì, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀fúùfù ni bàbá wọn tò kẹ́yìn kó tó kú. Ìlà tó fà sí i ti pín sí méjì láti ọdún tó kọjá. Àǹtí Sípánà ló pín in.

Lọ́dún tó kọjá yẹn ni Ẹ̀fúùfù fò kúrò lójú ọ̀nà ní kọ́nà kẹta, tí alùpùpù náà sì wó lù ú mọ́lẹ̀. Egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́, mẹ́ta nínú egungun ìhà rẹ̀ dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tó ń dì í mú lọ sí balùwẹ̀, tó ń gbọ́ bó ṣe ń kérora tó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lè dìde jókòó, ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti tún alùpùpù yẹn ṣe?"

Àǹtí Sípánà ní òun ti ń tún un ṣe. Ó lọ sí ilé iṣẹ́. Ó ṣí ìdérí, ó tú bóòtù tó di páànù mú, ó sì yí i sẹ́yìn díẹ̀ kí iná lè máa pẹ́ kó tó ṣá. Ẹ́ńjìnnì tí iná rẹ̀ bá ń pẹ́ kì í kú. Á máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀lẹ nìyẹn, á máa jáde ní kọ́nà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó dé ìdérí padà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ gbé oúnjẹ fún àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀fúùfù máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣẹ́jú tó bá fi yí pápá po sára ògiri ilé iṣẹ́. Àtìgbà tó ti padà sórí alùpùpù, kò tíì kọ èyí tó dáa síbẹ̀. Ó ń jí dánra wò láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó dín oúnjẹ kù, ó rù. Ìfé tó máa ń sú tó bá ń ṣiṣẹ́, ó ti jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rí gbogbo rẹ̀, ó ń gbé e mì. Ó kúkú wà láàyè, á sọ fún ara rẹ̀, á sì kọjú sí iṣẹ́. Àpótí tuntun yìí ló wá fẹ́ tú àṣírí, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe máa fi í sí i láìṣí ìdérí yẹn níṣojú Ẹ̀fúùfù.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Ẹ̀fúùfù wọlé, ó dúró níwájú rẹ̀. Bàtà Funfun fẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà, ó ń wo aago.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bá yín jà," Ẹ̀fúùfù wí. "Ẹ gbàgbé àpótí yẹn ná. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn bí ẹ ṣe máa dá bàbá wa lóhùn. Ṣé nǹkan kan ń ṣe ẹ́ńjìnnì yìí?"

"Kí ló fẹ́ ṣe é?"

"Tí kò bá sí, a jẹ́ pé èmi ni. Màá kó ìbọ̀wọ́ àti akoto mi fún ẹlòmíì, mi ò ní sáré mọ́."

Ohun tí Àǹtí Sípánà ti ń wá láti ọdún kan ló dé síwájú rẹ̀ yìí. Gbólóhùn kan péré ló kù. Kò ní sí kọ́nà kẹta mọ́, kò ní sí ṣíbí, kò ní sí ìkérora.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é," ó wí.

Ẹ̀fúùfù mi orí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì iṣẹ́. "Ó dáa. Ẹ ṣeun."

Bàtà Funfun ni kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́. "Kò sí ìtìjú níbẹ̀ jàre," ó wí. "Téèyàn bá ti ṣubú báyẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù ti wọnú egungun ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo pápá ló mọ̀. Wọn ò tiẹ̀ pè é ní Ẹ̀fúùfù mọ́, Abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń pè é."

Àǹtí Sípánà wo ojú àbúrò rẹ̀. Ilẹ̀ ni Ẹ̀fúùfù ń wò. Ó ti mọ orúkọ náà tipẹ́, kò sì sọ fún un.

"Ta ni wọ́n ń pè ní Abẹ̀bẹ̀?"

Àǹtí Sípánà mú sípánà. Bàtà Funfun fà sẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tẹ inú abọ́ ọ́ìlì gẹ́gẹ́ bó ṣe tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni obìnrin náà ń lọ. Ó kúnlẹ̀ ti alùpùpù, ó tú bóòtù mẹ́rin, ìdérí já sílẹ̀.

"Wá síbí," ó sọ fún Bàtà Funfun. "Wá wò ó dáadáa kó o lè lọ ròyìn fún gbogbo pápá yín. Ṣé o rí ìlà tó pín sí méjì yìí? Èmi ni mo yí i. Ọdún kan ni iná ẹ́ńjìnnì yìí fi ń pẹ́, àbúrò mi ṣì ń gba ipò kẹfà nínú ogún. Ta ni nínú wọn tó lè fi ẹ́ńjìnnì tó ń sùn gba ipò kẹfà? Ẹ̀rù ò bà á rí. Èmi lẹ̀rù ń bà. Ó yá, máa lọ."

Bàtà Funfun lọ, bàtà rẹ̀ kan funfun, ọ̀kan dúdú.

Ẹ̀fúùfù lóṣòó. Ó fi ìka kan tọ apá kan ìlà náà, ó tún tọ èkejì.

"Mo lọ ṣàyẹ̀wò ojú," ó wí. "Mo bi dókítà bóyá orí mi ló fọ́ tí wọn ò rí i. Ọdún kan gbáko, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé mo ti di ojo."

"Ìhà mẹ́ta," Àǹtí Sípánà fèsì, ohùn rẹ̀ ṣì gbóná. "Ìhà mẹ́ta àti èjìká. Èmi ni mo fi ṣíbí bọ́ ọ. Tí mo bá sọ fún ọ pé kó o rọra, ṣé wàá gbọ́?"

"Rárá. Mi ò ní gbọ́." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀ bá sọ pé ẹ ò ní tún un ṣe. Ǹ bá bá yín jà, ǹ bá lọ wá mẹkáníìkì míì, ṣùgbọ́n ǹ bá ṣì mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ wá dákẹ́."

Àǹtí Sípánà yíjú sí ẹ́ńjìnnì náà.

Ẹ̀fúùfù gbé sípánà kékeré kan lé e lọ́wọ́. "Ẹ dá a padà."

Ó tú bóòtù rẹ̀, ó yí páànù náà títí ìlà méjèèjì fi pàdé, tó di ọ̀kan. Ó de bóòtù, ó dé ìdérí. Ẹ̀fúùfù ti páálí àpótí tuntun náà sí igun tábìlì. "Ẹ jẹ́ kí Bàtà Funfun wá gbé ẹrù ẹ̀. Iná tí bàbá wa tò tó mi."

Ó tan ẹ́ńjìnnì náà. Ohùn ọdún tó kọjá ló jáde, tí páànù òrùlé fi ń gbọ̀n. Ẹ̀fúùfù jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, ó mú ṣọ́ọ̀kì lójú fèrèsé, ó fi lé àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì nàka sí àwọn ìṣẹ́jú tó kọ sára ògiri.

"Àwọn tó wà lókè yẹn ni tèmi. Láti ibí dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe tèmi. Ẹ kọ orúkọ yín sí i."

Ó kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gun alùpùpù jáde sí pápá tí wọ́n ti ń dánra wò lẹ́yìn ilé.

Àǹtí Sípánà dúró síwájú ògiri. Inú ṣì ń bí i. Ó ń bínú sí àbúrò rẹ̀, ó ń bínú sí Bàtà Funfun, ó ń bínú sí bàbá wọn tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹ́ńjìnnì yára tí kò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó máa gùn ún. Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló máa kọ ọ́, ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi ìkọkàndínlógún, ó fi kúkúrú rẹ̀ ń bá a lọ. Ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà dé kọ́nà kẹta pápá ẹ̀yìn ilé, ohùn rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀ rárá. Ó di ògiri mú títí ohùn náà fi jáde lódìkejì, ó wá kọ èyí tó kù.