Àwọn Ẹdun Tó Jẹ Ẹrù Ìyá Ìyàwó Mi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Àbẹ̀ní, ìyàwó mi, fi gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan wà láyà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n nítorí àìsùn.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "bí ẹ ò bá mú ìyá mi bọ̀, ẹ má wulẹ̀ padà wá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín.

Ìyá Àbẹ̀ní ń gbé abà kan lórí òkè lẹ́yìn Èrúwà. Ó yẹ kó ti wá máa bá wa wẹ ọmọ bí gbogbo ìyá ìyàwó ti í ṣe. Àmọ́ lọ́jọ́ ìdána wa, àwọn ará ilé mi gbàgbé ẹrù tirẹ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti sọ pé òun ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà wa àfi bí a bá gbé e wá. Ẹrù náà ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yìí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìrèké, àádùn àti obì.

Tọ́rọ́ ni mo san fún ọkọ̀ akẹ́rù láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, orí àpò gàrí ni mo sì jókòó sí. Ọ̀nà tí ìjọba òyìnbó fi tipátipá mú wa là ni, kòtò ibẹ̀ kò lóǹkà. Mo bẹ awakọ̀ pé kó rọra.

"Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà lẹ la ọ̀nà yìí," ó ní. "Èmi kàn ń gba orí iṣẹ́ ọwọ́ yín kọjá ni."

Láti Èrúwà, ẹsẹ̀ ló kù. Ọ̀dàn ni mo kọ́kọ́ là kọjá, igi irú níhìn-ín, ògán lọ́hùn-ún, oòrùn ń pa mí. Lójijì ni mo bọ́ sínú òtútù. Odò Olókùúta nìyẹn. Kò fẹ̀, ẹni tí kò bá tíì mu ẹmu lè fò ó. Abẹ́ àpáta ńlá kan lókè pátápátá ló ti ń sun, ó ń gba àárín òkúta já wálẹ̀, igbó sì tẹ̀ lé e lọ́tùn-ún lósì bí ìṣẹ́tí aṣọ: àràbà, ògùrọ̀, àti ewé gbòdògì tó lè bo ọmọdé mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá yà kúrò létí omi díẹ̀, ẹ ti padà sínú ọ̀dàn. Nílé wa, ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀gbẹlẹ̀ á sì sọ odò di ẹrẹ̀. Omi ibí yìí mọ́ débi pé mo rí akàn tó ń wò mí láti abẹ́ òkúta.

Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tẹ̀ borí omi, àwọn ẹdun sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀bọ lẹlòmíràn ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n àwa tá a bí ìbejì kò gbọdọ̀ bú wọn, a kò gbọdọ̀ lé wọn, ká má tilẹ̀ sọ pé ká pa wọ́n. Ẹbí ọmọ wa ni wọ́n. Wọ́n ń jẹ èso ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n ń ju ìlàjì sómi, àwọn ẹja kéékèèké kóra jọ sísàlẹ̀, wọ́n ń dúró dè é. Èyí tí ẹja bá jẹ kù, akàn á wọ́ ọ lọ. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ kí n lè wòran dáadáa.

Ẹdun kan sọ̀kalẹ̀, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó wò mí lójú, ó bó o. Ìyókù rí i pé n kò ṣe nǹkan kan. Ni gbogbo wọn bá wá.

Bàbá adẹ́mu kan ń wò wá láti orí ògùrọ̀ lódìkejì. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, o ò lè sọ̀kò ni?"

"Ẹ̀wọ̀ ni, Bàbá. Mo bí ìbejì."

"Ṣé kí n bá ọ sọ ọ́?"

"Bí ẹ bá bá mi sọ ọ́, èmi náà ni mo sọ ọ́."

"Ó dáa. Máa bẹ̀ wọ́n."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo kí wọn, mo kí bàbá wọn, mo kí ìyá wọn. Wọ́n gbọ́ ìkíni náà, wọ́n sì jẹ àádùn lé e. Wọ́n fa ìrèké lọ sórí igi. Ọ̀kan bu obì jẹ, ó korò lẹ́nu rẹ̀, ló bá da gbogbo rẹ̀ sódò, odò sì gbé e lọ. Mo rántí ojú Àbẹ̀ní, ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi.

Mo dé abà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àbẹ̀ní wo inú apẹ̀rẹ̀, ó wò mí.

"Àna mi, afẹ́fẹ́ lẹ gbé wá fún mi?"

"Àwọn ẹdun ló jẹ ẹ́ lódò, Ìyá."

"Ẹnu ẹdun, àbí ẹnu ará Igbó-Ọrà? Ẹ ò sì lé wọn? Kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Ẹ̀wọ̀ ni. Ẹni tó bí ìbejì kì í lé ẹdun."

"Ta ló bí ìbejì?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí ọmọ àkọ́kọ́ ti ké ni a ti ránṣẹ́ sí i. Ìránṣẹ́ wa ti lọ jìnnà kí èkejì tó dé. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá yìí mọ̀ sí.

"Àbẹ̀ní ni, Ìyá. Táyéwò àti Kẹ́hìndé."

Ó wọlé, mo ń gbọ́ bó ti ń tú ẹrù. Nígbà tó jáde, kànìnkànìn àti òrí wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Ọmọ méjì," ó ní, "òun nìkan láti ọjọ́ yìí! Ẹ wá dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ẹ ń ro ẹjọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ dìde."

Ó yára sọ̀kalẹ̀ òkè jù mí lọ. Etí Olókùúta nìkan ló ti dúró. Ó da ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan sábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́, ó ní kí àwọn ẹdun má bínú, òun ò ráyè jókòó.

Nígbà tí a délé, ó wẹ ọmọ méjèèjì, ó fi òrí pa wọ́n lára, ó pọn ọ̀kan, ó gbé ìkejì lé itan. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kí èèyàn rí i pé ọmọ ti tán nínú kó tó ránṣẹ́. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé fún Àbẹ̀ní, ó ti ń hanrun. Mo fìdí lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo mu ẹ̀kọ náà fúnra mi, mo ń gbọ́ bó ti ń hanrun, inú mi sì dùn ju ti ọjọ́ tí mo gbé e níyàwó lọ.