Ọpẹ́ Ìrẹsì Àná

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Uwani, nínú ìlú Enugu, ni ọkùnrin kan kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ rọ́bà sí. Èéfín rẹ̀ ń sọ aṣọ orí okùn di dúdú, ìyàwó mi kò sì yé wúkọ́. Àwọn aládùúgbò ní kí n bá àwọn kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìjọba, torí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí. Tìbínútìbínú ni mo fi kọ ọ́.

Kérésì dé, ọkùnrin náà fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Àwọn yòókù sè é, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ń bú u lọ. Àwa Yorùbá ńkọ́? A gbọ́dọ̀ fi ẹ̀kọ́ ilé hàn! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a lọ dúpẹ́ àná. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi fóònù ya fídíò wa.

Ìgbà tí àwọn aṣojú ìjọba wá wo èéfín, fídíò yẹn ló fi hàn wọ́n. Ó ní, “Ṣé ẹni tí èéfín ń pa ló ń dọ̀bálẹ̀ báyìí?” Wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tí Kérésì mìíràn dé, ilé tiwa nìkan ló fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí.